Afewerk Tekle: Ọmọ tí ìlú rán lọ kọ́ iṣẹ́ ìwakùsà, tó di àgbà ọ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ ọnà

Òkìkí Afewerk Tekle kò mọ sí ilẹ̀ Etiópíà tí wọ́n bí i sí. Ìlú Ankober ni wọ́n ti bí i lọ́jọ́ 22, oṣù Kẹwàá, ọdún 1932. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ítálì gba ilẹ̀ wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n lé wọn lọ lọ́dún 1941, ìlú nílò àwọn onímọ̀ tí yóò tún un ṣe. Ìdí nìyí tí wọ́n fi rán Afewerk lọ sí Ìlú Ọba lọ́dún 1947, kí ó lọ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ìwakùsà.

Àmọ́ àwòrán yíyà ni ọkàn ọmọ náà ń fà sí. Kì í ṣe ohun kékeré kí ẹni tí ìlú ń náwó lé lórí kọ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Síbẹ̀, Afewerk yà sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó yá, ó rin ilẹ̀ Yúróòpù ká, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ bí a ṣe ń fi gíláàsì aláwọ̀ ṣe àwòrán.

Iṣẹ́ yìí ló gbé e níyì jù. Ó wà ní Africa Hall, gbọ̀ngàn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Addis Ababa, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1961. Fífẹ̀ rẹ̀ tó 150 mítà onígun mẹ́rin, ọ̀nà mẹ́ta ló sì pín sí: ìyà tó jẹ Áfíríkà, ìjà òmìnira, àti ọjọ́ ọ̀la. Bí oòrùn bá ràn gba ara gíláàsì náà, àwọ̀ rẹ̀ a máa tàn wọnú ilé. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹwà náà a wọmi.

Níbẹ̀ ni àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà, títí kan Tafawa Balewa tiwa, ti dá Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà sílẹ̀ lọ́jọ́ 25, oṣù Karùn-ún, ọdún 1963. Lọ́dún 1964, Afewerk gba ẹ̀bùn Haile Selassie fún iṣẹ́ ọnà. Ó jáde láyé lọ́jọ́ 10, oṣù Kẹrin, ọdún 2012.

Ẹ̀kọ́ wà nínú ìtàn yìí fún àwọn òbí tiwa náà. Láti Ìbà títí dé Òkókómàíkò, àti ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tó wà ní Ọ̀jọ́, a kò lè ṣàìrí ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ tí òbí yàn fún un, tí ọkàn rẹ̀ sì wà níbòmíràn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Etiópíà kò rí awakùsà tó rán níṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ náà mú bọ̀ wálé ni gbogbo Áfíríkà ń wò títí dòní.