Pa Antonio, Olórí Àdúrà ní Èkó

Ẹni tí ẹ ó kà nípa rẹ̀ yìí kì í ṣe fadá, síbẹ̀ ìjọ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹrú ni Pa Antonio tẹ́lẹ̀, láti erékùṣù São Tomé. Ọ̀dọ̀ àwọn fadá ní Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíìlì, ni wọ́n ti tọ́ ọ. Lẹ́yìn tí ó gba òmìnira, ó tẹ̀dó sí Èkó. Àwọn tí òwò ẹrú ti fọ́n káàkiri ń padà bọ̀ láti òkè òkun nígbà náà. Àwọn ni a kọ́kọ́ pè ní Àgùdà, kí orúkọ náà tó di ti gbogbo ìjọ Kátólíìkì láàárín wa.

Ẹ rò ó wò: ta ni yóò sin òkú ẹni tí kò mọ ilé bàbá rẹ̀ mọ́? Pa Antonio ni ó ń sin wọ́n. Òun ni ó ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ wọn, tí ó sì ń ṣíwájú àdúrà lọ́jọ́ Ìsinmi. Ṣùgbọ́n kò lè ṣe Mísà fún wọn.

Ní 1863, Fadá Francesco Borghero dé láti Ouidah, ó bá ìjọ tí ó ti dúró. Síbẹ̀ ó di 1868 kí Fadá Pierre Bouche tó wá gbé Èkó. Pa Antonio ṣọ́ agbo náà títí di ọjọ́ yẹn, ó sì fi í lé e lọ́wọ́.