Enoch Sontonga: Olùkọ́ tí Iṣẹ́ Rẹ̀ Pẹ́ Láyé Jù Ú Lọ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní ohun kan tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ láti ṣe kí ó tó fi ayé sílẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, tí ọwọ́ kò sì tíì tẹ ohun náà, a a máa bi ara wa léèrè bóyá asán ni làálàá wa. Nítorí ìbéèrè yìí ni a ṣe mú ìtàn Enoch Sontonga wá síwájú yín.

Ní nǹkan bí ọdún 1873 ni a bí i ní Uitenhage, ní Ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà. Ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Lovedale, lẹ́yìn náà ni ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Nancefield, lẹ́bàá Johannesburg. Láti ọdún 1886 tí a ti rí wúrà ní àgbègbè náà ni àwọn ènìyàn ti ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti wá ọrọ̀. Iṣẹ́ tí Sontonga yàn kì í sọ ènìyàn di ọlọ́rọ̀: ó ń kọ́ ọmọ ní ìwé, ó ń darí ẹgbẹ́ akọrin, ó ń wàásù, a sì máa ya fọ́tò pẹ̀lú.

Fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe orin, tí ó sì ń kọ wọ́n sínú ìwé kan. Ní 1897 ó ṣe ọ̀kan tí í ṣe àdúrà pé kí Olúwa bù kún Áfíríkà. Nkosi Sikelel' iAfrika ni orúkọ rẹ̀. Ní 1899 ni a kọ́kọ́ kọ ọ́ ní gbangba, nígbà tí a ń gbé ọwọ́ lé àlùfáà kan.

Ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ ni pé kí a tẹ àwọn orin náà jáde. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin, 1905, ikú pa ojú rẹ̀ dé ní nǹkan bí ẹni ọdún 32, ó sì fi Diana aya rẹ̀ àti ọmọkùnrin kan sílẹ̀. Ìwé orin náà sọnù. Ibojì rẹ̀ ní Braamfontein sì wà fún ọ̀pọ̀ ọdún láìní àmì kankan.

Síbẹ̀, àwọn akọrin ti gba orin náà sí ẹnu. Ní 1912 a kọ ọ́ ní Bloemfontein, nígbà tí a dá ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó di ANC sílẹ̀. Ní 1994 ó di ọ̀kan nínú àwọn orin orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà. Ní 1996 Ààrẹ Mandela ṣí òkúta ìrántí níbi ibojì olùkọ́ náà.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a tan ara wa: ìwé tí Sontonga fẹ́ tẹ̀ kò jáde. Ohun tí ó lérò kọ́ ni ó rí gbà. Ṣùgbọ́n orin tí ó fi òtítọ́ ṣe fún àwọn ọmọ tí ń bẹ níwájú rẹ̀ ni Olúwa mú tọ gbogbo ayé lọ. Ìwọ olùkọ́, ìwọ aránṣọ, ìwọ ìyá oníṣòwò, di ète rẹ mú, ṣùgbọ́n má ṣe kẹ́gàn iṣẹ́ òòjọ́ rẹ nítorí rẹ̀. Ẹni tí ó fúnrúgbìn lè má rí ìkórè; Olúwa ìkórè kì í gbàgbé oko Rẹ̀.