Thomas Birch Freeman: Nígbà Tí Ohun Tí A Fẹ̀yìn Tì Bá Yẹ̀

Àwa tí a ń gbé ní Alákijà àti agbègbè Festac mọ ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Àgbádárìgì bí ẹni mọ owó. Ní ìdí ọ̀nà yẹn ni ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti kọ́kọ́ ta gbòǹgbò ní ilẹ̀ wa, nígbà tí Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842. A máa ń dárúkọ rẹ̀ nígbà àjọ̀dún, ṣùgbọ́n a kì í sábà sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ìyẹn ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí ó kan àwa náà.

Ní Twyford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1809. Ọmọ Áfíríkà tó bọ́ lóko ẹrú ni bàbá rẹ̀, òyìnbó sì ni ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú ọgbà ló ń ṣe fún ọlọ́lá kan ní Suffolk, ó sì di ọ̀gá níbẹ̀. Nígbà tí ìpè Ọlọ́run dé, ó fi iṣẹ́ rere yìí sílẹ̀. Ó gbé Elizabeth Boot níyàwó, wọ́n sì jọ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí.

Oṣù Kíní ọdún 1838 ni wọ́n dé Cape Coast. Ìròyìn ikú ni wọ́n bá. Joseph Dunwell, tó kọ́kọ́ wá ní ọdún 1835, kò lò ju bí oṣù mẹ́fà lọ kó tó kú. Wrigley àti Harrop tó tẹ̀lé e, pẹ̀lú aya wọn, ti kú tán. Kò pẹ́ tí ibà dá Freeman náà dùbúlẹ̀. Aya rẹ̀ ló tọ́jú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí ara ọkọ ti ń balẹ̀ ni àìsàn kọ lu ìyàwó, ó sì gba ẹ̀mí rẹ̀. Wọn kò tíì lo oṣù méjì ní ilẹ̀ náà.

Ẹnikẹ́ni kò ní bá Freeman wí bó bá wọ ọkọ̀ padà sílé. Kò padà. Ó parí ilé ìsìn tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Cape Coast, nígbà tó sì di ọdún 1839 ó la igbó kọjá dé Kùmásì, lọ́dọ̀ ọba Àṣántì. Ó lọ sí ìlú òyìnbó ní ọdún 1840, ó sì fẹ́ Lucinda Cowan. Wọ́n dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1841. Nígbà tó máa di oṣù Kẹjọ, ó ti sin òun náà.

Ní àkókò yẹn gan-an ni ìpè ti Àgbádárìgì wá. Àwọn ọmọ wa tó gba òmìnira ní Sàró, tí wọ́n ti padà wálé, ń bẹ̀bẹ̀ fún olùkọ́ni. Freeman wá, òun àti William de Graft pẹ̀lú aya rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ó dé Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀. Bó ti padà dé Àgbádárìgì ní ọjọ́ tó ṣíwájú Kérésìmesì, ó bá Henry Townsend ti ìjọ Ṣọ́ọ̀ṣì Míṣọ̀n pàdé níbẹ̀. Ká ní ó ti bá ọkọ̀ padà sílé ní ọdún 1838, ẹlòmíràn ni Ọlọ́run ìbá rán sí wa, ṣùgbọ́n òun ìbá pàdánù ayọ̀ ọjọ́ náà.

Ìdààmú kẹta yàtọ̀, òun ni a sì fẹ́ kí ẹ fọkàn sí jù. Ilé ìwé, ilé ìsìn àti ìrìn àjò gba owó. Freeman náwó kọjá ohun tí àwọn alábòójútó ní Lọ́ńdọ̀nù fọwọ́ sí, ìṣirò owó kò sì lọ déédéé. Ní ọdún 1857 ó ní láti fi ipò rẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe ibà, kì í ṣe ikú. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fà á. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba díẹ̀ ní Àkúrà, lẹ́yìn náà ó dáko. Ẹni tó fi ọgbà sílẹ̀ nítorí ìhìnrere tún padà sídìí ilẹ̀. Rebecca Morgan, ọmọ Fántì tó fẹ́ ní ọdún 1854, ni wọ́n jọ wà. Odindi ọdún 16 ni ó lò bẹ́ẹ̀. Kò bínú kúrò nínú ìjọ. Ní ọdún 1873, nígbà tó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, ìjọ tún gbà á sí iṣẹ́ òjíṣẹ́, ó sì sìn títí di ọdún 1886. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1890 ó sùn nínú Olúwa ní Àkúrà.

Ẹ̀yin arábìnrin, a kò sọ pé Ọlọ́run pa Elizabeth kí Freeman lè gbàdúrà. Ká má ṣe máa sọ irú rẹ̀ fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ohun tí a rí ni pé nígbà kọ̀ọ̀kan tí ohun tó fẹ̀yìn tì bá yẹ̀, ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni ó yíjú sí. Ọ̀fọ̀ lè dé bá wa. Iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ọkọ. Wọ́n lè wó ṣọ́ọ̀bù wa nítorí ọ̀nà. Nígbà bẹ́ẹ̀ ó rọrùn láti sáré tọ Olúwa lọ, nítorí ẹ̀bi kì í ṣe tiwa.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé àwa ni a fọwọ́ fà á ńkọ́? Owó àjọ tí a ná, gbèsè tí a kò sọ fún ọkọ, owó ẹgbẹ́ tí ìṣirò rẹ̀ kò pé? Ìtìjú ni yóò kọ́kọ́ lé wa kúrò nílé Ọlọ́run. A ó ká aṣọ ẹgbẹ́ sínú àpótí, a ó sì máa gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Freeman kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gba ìbáwí, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ jẹun, ó sì dúró de Olúwa.

Ẹ jẹ́ kí àwa náà rántí apá kejì ìtàn yìí: ìjọ ṣí ilẹ̀kùn fún un. Bí arábìnrin kan tí a kò rí láti ìgbà díẹ̀ bá yọ ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, ẹ sún fún un kó jókòó. Ẹ má bi í léèrè ibi tó wà. Kí Olúwa fi ẹsẹ̀ gbogbo wa múlẹ̀, ní orúkọ Jésù. Àmín.