Oyinkán Abáyọ̀mí, Ìyá Àwọn Gẹ́ẹ̀lì Gáìdì

Àwọn ìyá tó wọṣọ Gẹ́ẹ̀lì Gáìdì nílé ìwé, ìbáà jẹ́ ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìdó, jẹ obìnrin Èkó kan lọ́pẹ́. Òun ni Olóògbé Oyinkán Abáyọ̀mí, ọmọ Sà Kítóyì Ajàsá, tí wọ́n bí lọ́dún 1897.

Ìlú òyìnbó ló ti kọ́ ẹ̀kọ́ orin kó tó padà wálé lọ́dún 1920. Ó fẹ́ lọ́yà kan, Mórónfólú Abáyọ̀mí, lọ́dún 1923. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi pa ọkọ náà nínú kóòtù. Ẹlòmíràn ì bá fọwọ́ lẹ́rán. Oyinkán kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Gáìdì ti dé Nàìjíríà láti 1919, ṣùgbọ́n òyìnbó ló ń darí rẹ̀. Òun nìkan ni aláwọ̀ dúdú láàárín àwọn alábòójútó. Ìjọba tẹ́wọ́ gba Síkáòtù àwọn ọmọkùnrin, wọn ò ka ti ọmọbìnrin sí. Ó jà títí wọ́n fi gbà. Pípàgọ́, dídáná níta, títọ́jú ẹni tó farapa: eré kọ́ o!

Lọ́dún 1927 ó dá ẹgbẹ́ ọmọbìnrin sílẹ̀, wọ́n dáwó fún Queen's College, òun náà sì kọ́ni níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe olórí Gáìdì. Ẹni ọdún 93 ni nígbà tó kú lọ́dún 1990.