Aláàfin Aólẹ̀: Ọba tí ó fi Àwo fèsì Igbá

Ìtàn bí ilẹ̀ Ìgbómìnà, láti Gánmọ ní ẹnu ọ̀nà Ìlọrin títí dé Òmù-Àrán àti Èsìẹ́, ṣe kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́ bọ́ sábẹ́ Ìlọrin kò ṣeé sọ láìdárúkọ Àfọ̀njá. Ṣùgbọ́n kí Àfọ̀njá tó gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ láàrin òun àti ọba rẹ̀, Aólẹ̀ Arógangan. Ọ̀rọ̀ ẹnu àti àrokò sì ni ó kọ́kọ́ bà á jẹ́, kí idà tó dá sí i.

Aólẹ̀ gorí ìtẹ́ lẹ́yìn Abíọ́dún, ẹni tí ó wàjà ní 1789. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 ṣùgbọ́n tí a kò tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, ròyìn rẹ̀ bí ọkùnrin gíga, arẹwà. Àṣà ni kí wọ́n bi ọba tuntun léèrè ta ni ọ̀tá rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tí ogun rẹ̀ àkọ́kọ́ yóò kọjú sí. Ìlú ni ó ń bèèrè, ti ìlú ni ó sì yẹ kí ọba fi dáhùn. Ti ara rẹ̀ ni Aólẹ̀ sọ: ó dárúkọ Baálẹ̀ Àpòmù. Kí ó tó jọba ni ó ti ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lẹ́rú ní ọjà Àpòmù, tí Baálẹ̀ sì fi ìyà jẹ ẹ́, nítorí Abíọ́dún ti pàṣẹ pé a kò gbọdọ̀ ta ọmọ Ọ̀yọ́ níbẹ̀. Baálẹ̀ sá tọ Ọọ̀ni lọ sí Ifẹ̀. Nígbà tí kò rí ààbò, ó pa ara rẹ̀, wọ́n sì gbé orí rẹ̀ lọ tu ọba lójú.

Lẹ́yìn èyí ni ti oníṣòwò Haúsá kan tí wọ́n kó lẹ́rù ní Ọ̀yọ́. Ọba ní kí wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà. Wọ́n rí ẹrù, wọn kò rí Àlùkùráánì rẹ̀. Aólẹ̀ bínú ní gbangba, ó yíjú sí Baṣọ̀run Aṣamú, ó ní bí wọn kò bá lè rí i, bàbá òun yóò bá òun wá a. Òkú ni bàbá ọba. Baṣọ̀run gbọ́ èyí tí a kò sọ: òun ni wọ́n fẹ́ rán lọ bá òkú. Bóyá ìbínú lásán ni, ta ni yóò mọ̀? Láàfin, bí a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Àfọ̀njá ti Ìlọrin ní tirẹ̀ fi agbára gba oyè Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Ọba rán an sí Ìwéré, ìlú tí apá kò lè ká, nítorí Kakaǹfò tí kò bá ṣẹ́gun láàrin oṣù mẹ́ta ní láti kú. Àwọn ìjòyè gbọ́ àṣírí iṣẹ́ yìí náà. Wọ́n dìtẹ̀ ní Ìwéré, wọ́n padà wá pàgọ́ sẹ́yìn Ọ̀yọ́, wọ́n sì fi igbá òfìfo tí a dé lọ́mọrí ránṣẹ́ sí ọba. Kò sí ẹni tí ó jẹ́ fi ẹnu sọ fún Aláàfin pé kí ó kú. Igbá ni ó sọ ọ́, ọwọ́ gbogbo wọn sì mọ́.

Aólẹ̀ ṣí igbá, ó yé e. Ní nǹkan bí 1796 ni èyí. Kí ó tó gbé májèlé jẹ, ó jáde sí gbangba ààfin pẹ̀lú àwo amọ̀ àti ọfà mẹ́ta. Ó ta ọ̀kan sí àríwá, ọ̀kan sí gúúsù, ọ̀kan sí ìwọ̀-oòrùn, ó sì gégùn-ún pé ibi tí àwọn ọfà náà lọ ni a ó kó wọn lẹ́rú dé, títí kọjá òkun. Pé ẹrú yóò jọba lé wọn lórí. Pé ọmọ tí wọ́n bá rán níṣẹ́ kò ní padà wá jẹ́ iṣẹ́ náà. Ó fọ́ àwo náà mọ́lẹ̀: igbá tí ó fọ́ ṣeé rán, àwo tí ó fọ́ kò ṣeé tún ṣe. Àwọn tí ó fi igbá bá a sọ̀rọ̀, àwo ni ó fi dá wọn lóhùn.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn tí ojú wọn rí ogun àti oko ẹrú lẹ́yìn rẹ̀ ti tún ọ̀rọ̀ èpè náà tò. Wọ́n sì ti ń ta Yorùbá kí ó tó ta ọfà. Òun fúnra rẹ̀ ti ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Àpòmù. Àfọ̀njá kọ̀ láti sin Ọ̀yọ́ mọ́. Ní nǹkan bí 1824, àwọn jàmáà tí òun fúnra rẹ̀ kó jọ, tí ẹrú tí ó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn pọ̀ nínú wọn, ni wọ́n pa á ní Ìlọrin. Ìdílé Àlímì di ọba ibẹ̀, a sì ka Gánmọ àti ọ̀pọ̀ ìlú Ìgbómìnà mọ́ ilẹ̀ wọn.