Madge Syers: Obìnrin tí ó bá Ọkùnrin Díje lórí Yìnyín

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ijó lásán ni eré orí yìnyín, pé iṣẹ́ ọnà ni, kì í ṣe eré ìdárayá. Ìtàn ìgbésí ayé Madge Syers fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1881. Florence Madeline Cave ni orúkọ rẹ̀ kí ó tó lọ sílé ọkọ. Ní ọdún 1900 ni ó fẹ́ Edgar Syers, ẹni tí òun náà mọ eré orí yìnyín dáadáa, tí ó sì ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ọkọ rẹ̀ yìí ni ó gbà á níyànjú pé kí ó fi ọ̀nà àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, níbi tí eléré ti ń na ara gan-an bí igi, kí ó sì kọ́ èyí tí ara ti ń yá mọ́ni.

Bàtà tí ó ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe eré yìí lórí omi tí ó ti dì. Láyé ìgbà náà, ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń dán eléré wò. Lákọ̀ọ́kọ́, yóò fi irin ẹsẹ̀ rẹ̀ fa ìlà róbótó sórí yìnyín, yóò sì tún gba orí ìlà kan náà padà láìyẹsẹ̀. Àwọn adájọ́ yóò wá yẹ ojú ìlà náà wò fínnífínní. Lẹ́yìn èyí ni yóò ṣe eré tí ó bá wù ú.

Ní ọdún 1902, ìdíje àgbáyé wáyé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọkùnrin nìkan ni ó ti ń kópa níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó ní kí obìnrin má wá. Madge bá forúkọ sílẹ̀. Ulrich Salchow, ọmọ ilẹ̀ Súwídìn, ni ó ṣe ipò kìíní. Madge ni ó ṣe ìkejì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn ọkùnrin yòókù wà!

Kí ni àwọn aláṣẹ eré náà wá ṣe? Ní ọdún 1903, wọ́n ṣòfin pé obìnrin kò gbọdọ̀ bá ọkùnrin díje mọ́. Wọ́n ní aṣọ obìnrin gùn, kò jẹ́ kí adájọ́ rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní adájọ́ lè gbè sẹ́yìn obìnrin tí ó bá fẹ́ràn. Ẹ wò ó, kò sí èyí tí ó kan bí ẹsẹ̀ ṣe mọṣẹ́ tó nínú gbogbo àwáwí wọ̀nyí. Ẹwà àti aṣọ ni wọ́n ń wò. Bẹ́ẹ̀ ìlà tí irin fà sórí yìnyín kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo.

Madge kò bínú kúrò lórí yìnyín. Síkẹ́ẹ̀tì tí kò ju agbedeméjì ojúgun lọ ni ó ń wọ̀, kí ojú gbogbo ayé lè tó ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1903. Nígbà tí ó tún gbà á ní 1904, ọkọ rẹ̀ gan-an ni ó fẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá ìdíje tàwọn obìnrin sílẹ̀ ní 1906, òun ni ó borí ní Davos, ó sì tún borí ní Vienna ní 1907. Ní ìdíje Òlíńpíìkì ti Lọ́ńdọ̀nù ní 1908, ó gba àmì ẹ̀yẹ wúrà, òun àti ọkọ rẹ̀ sì jọ gba ti idẹ nínú eré tọkùnrin-tobìnrin.

Àìsàn ni kò jẹ́ kí ó díje mọ́ lẹ́yìn náà. Ó kú ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1917, ní ẹni ọdún márùndínlógójì.

A kò sọ pé eré náà kò lẹ́wà. Nílẹ̀ Yorùbá, a máa ń lùlù sí ìjàkadì, ìlù a sì máa dùn; ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dá ẹnìkejì rẹ̀ ni a ń gbé gẹ̀gẹ̀. Bí a bá pe eré Madge ní ọnà lásán, aṣọ rẹ̀ ni a ó máa wò. Bí a bá pè é ní eré ìdárayá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni a ó wò, ẹsẹ̀ náà ni ó sì jàre.