Adúnní Olúwọlé: Ọmọ Ìbàdàn Tó Bẹ̀rẹ̀ Eré Láti Inú Ẹgbẹ́ Ìjọ

Nígbà tí ìkórè bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n bá ní kí ẹgbẹ́ wa ṣe eré Bíbélì, ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń sá sẹ́yìn. A ó ní ohùn wa kò dára, a ó ní ojú ń tì wá. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn obìnrin ìlú wa kan tó ti ibi irú eré bẹ́ẹ̀ di ẹni ńlá.

Ọdún 1905 ni wọ́n bí Adúnní Olúwọlé sí ìdílé jagunjagun ní Ìbàdàn. Ó ṣì kéré nígbà tí èdè-àìyedè ṣẹlẹ̀ láàrin bàbá àti ìyá rẹ̀, ni wọ́n bá kó lọ sí Èkó. Ìtòsí ṣọ́ọ̀ṣì St. John's ti Áńgílíkà ní Àròlóyà ni wọ́n ń gbé. Àlùfáà ìjọ náà, Adolphus Howells, tó padà di bíṣọ́ọ̀bù, gba ọmọ náà tọ́, ó sì fi í sí ilé-ìwé ìjọ.

Nígbà tí Adúnní dàgbà, ó kọ eré kan fún ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Eré náà gbayì tó bẹ́ẹ̀ tí Herbert Macaulay, àgbà òṣèlú Èkó, fi wà lára àwọn tó wá wò ó. Èyí ki Adúnní láyà, ló bá dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀. Òun ni àwọn òpìtàn ń pè ní obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe olórí ẹgbẹ́ òṣèré tó ń fi eré ṣiṣẹ́ jẹun ní Nàìjíríà. Kò sí tẹlifíṣàn láyé ìgbà náà. Ọdún 1959 ni WNTV tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn níbí, Adúnní sì ti kú nígbà yẹn.

Ní ọdún 1932, ó di ajíhìnrere tó ń ti ìlú dé ìlú. Ẹnu tó fi ṣeré náà ló fi wàásù. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1945 nítorí ọjà wọ́n, tí owó oṣù kò sì tó jẹun, Adúnní dúró tì wọ́n, ó sì fi owó ara rẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ní ọdún 1954, ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn mẹ̀kúnnù sílẹ̀. Nígbà tí àwọn òṣèlú ń béèrè òmìnira fún ọdún 1956, òun ní kí òyìnbó má ì tíì lọ. Ẹ̀rù ń bà á pé àwọn ọ̀mọ̀wé àti olówó ni yóò jogún ìjọba, tí tálákà yóò sì wà níbi tó wà. Ni àwọn èèyàn bá sọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ẹgbẹ́ Kóyìnbó-má-ì-lọ. Wọ́n bú u, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, ibòmíràn sì wà tí wọ́n ti lé e jáde. Síbẹ̀, nínú ìdìbò ọdún 1954, ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìjókòó kan ní agbègbè Ìkìrun mọ́ ẹgbẹ́ ńláńlá méjì lọ́wọ́.

Ọdún 1957 ni Adúnní kú lẹ́yìn àìsàn díẹ̀, ó ku ọdún mẹ́ta kí òmìnira dé. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Àwa kò sọ pé ó tọ̀nà nínú gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń wù pé kí àlejò máa ṣe olórí ilé òun. Ṣùgbọ́n ìyá tó bá ti Bẹẹrẹ lọ ra gàrí ní Ọjà'ba, tó dúró lábẹ́ Màpó tó ń ka owó tó ṣẹ́kù lọ́wọ́, mọ̀ pé ìbéèrè Adúnní nípa tálákà kò tíì tán.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa, bí àwọn ọmọbìnrin wa bá fẹ́ ṣeré nínú ìjọ, ẹ má ṣe pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Bí wọ́n bá sì ní kí àwa náà jáde wá ní ìkórè tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká dìde. Kí Olúwa fún wa ní ìgboyà. Àmín.